Iṣẹ́ ìwádìí tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìkòròdú: ẹ̀kọ́ gíga àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà àti Gúúsù Kòríà

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà nítòsí Sábó ní Ìkòròdú, nísàlẹ̀ ilé alájà kan tí àwọn aránṣọ wà lókè rẹ̀. Ohun tí àwọn ará àdúgbò mọ̀ wọ́n sí ni fọ́tókọ́pì, fọ́ọ̀mù JAMB, ìwé NIN àti ìwé ìpè fún ìnáwó. Èmi kò bá èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí lọ. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara gíláàsì ìlẹ̀kùn wọn pé àwọn a máa bá akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ àti ìjọ wá àkójọ iye lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn a sì tò ó sínú ìwé tí ojú lè kà. Iṣẹ́ yẹn ni mo lọ rà, mo sì ti rà á lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí fún àwọn àgbà bíi tèmi tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń jẹ lọ́kàn, tí kò sì sí ọmọ nílé tí yóò jókòó tì wọ́n nídìí kọ̀ǹpútà.

Ìpàdé ẹgbẹ́ wa ni ìbéèrè náà ti wá. Àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì máa ń pàdé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wa kan gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ní Gúúsù Kòríà ni wọ́n ti ṣe é, ó ní ibẹ̀ náà ni tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ òun ti wá, ibẹ̀ sì ni mọ́tò tí ọmọ òun ń wà ti wá. Ó ní orílẹ̀-èdè tó bá lè ṣe irú nǹkan báwọ̀nyí, kò sí àní-àní pé àwọn àgbà ibẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ wa, gbogbo wọn pátá ló lọ sí yunifásítì, àti pé ohun tó fà Nàìjíríà sẹ́yìn ni pé ìran tiwa kò kàwé tó. Ìyá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí dá a lóhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé bí a bá ń wá ibi tí àwọn àgbà ti kàwé, Amẹ́ríkà ni kí a wò, kì í ṣe Kòríà. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Mo mọ ohun tó ń dun àwọn ènìyàn nínú rẹ̀. Àwa tí a kò fi ẹsẹ̀ kan yunifásítì nígbà èwe wa ju ìdajì lọ nínú ìpàdé yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n sì dún létí wa bí ìgbà tí a bá dá ẹnìkan lẹ́bi láì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nítorí pé èmi ni akọ̀wé, wọ́n ní kí n lọ mú ìwé wá.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó fún mi ní àga, ó ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré." Kò béèrè ohunkóhun mìíràn. Nígbà tí àkókò náà pé, ó fi ojú-ìwé méjì lé mi lọ́wọ́. Ó ya ọ̀pá méjì síbẹ̀, ọ̀kan fún Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún Gúúsù Kòríà, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: nínú ènìyàn ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí àádọ́ta ló ní ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ gíga ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2020. Bí mo bá ti gbé ìwé yẹn dé ìpàdé, a ò bá ti gbà pé ọ̀mì ni, kálukú ì bá sì ti lọ sílé pẹ̀lú irọ́ lápò. Ṣùgbọ́n ọdún márùndínlógójì ni mo fi máàkì ìwé ọmọ ilé-ìwé, n kì í sì í fi ìwé sílẹ̀ láì ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ọdún 25 títí dé 64 ni iye náà kà.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá máa ra irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré, òun sì ni ó wọ́pọ̀ jù. Iye náà kì í ṣe irọ́ níbi tí wọ́n ti mú un wá. Ìbéèrè mìíràn ló dáhùn. Bí a bá kó ọmọ ọdún 25 àti ẹni ọdún 64 sínú agbọ̀n kan, a kò lè mọ ohun tí àgbà jẹ́ níbẹ̀ mọ́. Bí ìgbà tí a bá da gààrí tuntun lé ti ọdún tó kọjá nínú àpò kan náà ni, tí a wá ní kí ẹni tó tọ́ ọ wò sọ bí ti àtijọ́ ṣe kan tó. Ní Kòríà ní pàtàkì, àwọn ọ̀dọ́ ti kàwé tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bo àwọn òbí wọn mọ́lẹ̀ nínú ìṣirò.

Mo dá ìwé náà padà. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan tí mo rò pé kò tíì pé ogójì ọdún, dìde láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀, ó bẹ̀ mí, ó ní òun fúnra òun ni yóò tún un ṣe láì gba kọ́bọ̀ lé e. Kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, láti ọdún mélòó ni ẹ ń pè ní àgbà? Kí ni ẹ kà sí ẹ̀kọ́ gíga? Ọdún wo ni kí a dúró lé?" Ní tèmi, ìbéèrè mẹ́ta yìí ni owó tí mo san bá lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ ọ̀rọ̀ sínú Google, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ìdáhùn lè yí padà pátápátá bí a bá yí ọjọ́ orí padà kò pọ̀. Mo dá a lóhùn pé kí ó mú àwọn ẹni ọdún 55 sí 64, kí ó sì gbé àwọn ọmọ ọdún 25 sí 34 sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí a lè rí òbí àti ọmọ pọ̀. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ojú-ìwé mẹ́fà ni mo bá. Ó mú àwọn iye náà láti ọ̀dọ̀ àjọ OECD tó wà ní Paris, tí orílẹ̀-èdè 38 jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì máa ń gbé ìwé ìṣirò jáde lórí ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún. Amẹ́ríkà wà nínú àjọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1961, Gúúsù Kòríà wọ inú rẹ̀ ní 1996. Ojú-ìwé kìíní sọ ọ̀rọ̀ náà tán: ní nǹkan bí ọdún 2020, nínú àwọn ẹni ọdún 55 sí 64 ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ gíga lé ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ní Gúúsù Kòríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ni. Nígbà tí a bá wá wo àwọn ọmọ ọdún 25 sí 34, ọ̀rọ̀ yí padà: Amẹ́ríkà dúró ní nǹkan bí ìdajì, Kòríà sì gun dé nǹkan bí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ pé òun ló ga jù nínú gbogbo àjọ náà. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ fi díẹ̀ ju òbí lọ. Ní Kòríà, ọmọ fi ìlọ́po méjì ààbọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju òbí lọ.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà ni òpó kan tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fi kún un láì jẹ́ pé mo béèrè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ orí, ó kọ ọdún tí wọ́n bí àwọn ènìyàn náà àti ọdún tí wọ́n pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ẹni tó wà láàárín ọdún 55 sí 64 ní 2020, láàárín 1956 sí 1965 ni wọ́n bí i, láàárín 1974 sí 1983 ló sì dàgbà tó ẹni tí ń wọ yunifásítì. Òpó kékeré yìí tún ojú mi là. Ohun tí iye náà ń sọ fún wa ni bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀ tó ní ogójì ọdún sẹ́yìn, kì í ṣe bí orí àwọn àgbà náà ṣe pé tó. A sì bí èmi náà ní 1957. Mo wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kà yẹn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni mo wà.

Ojú-ìwé kẹta ni ó fi sọ ìtàn Amẹ́ríkà ní kúkúrú, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ní 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì kò tíì parí, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin kan tó ní kí ìjọba san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ-ogun tó bá padà délé, àwọn tó sì tipa rẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ju mílíọ̀nù méjì lọ. Àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyẹn ti ju ẹni ọdún 64 lọ fíìfíì lónìí, púpọ̀ nínú wọn sì ti kú, nítorí náà wọn kò sí nínú iye tí a ń wò. Ṣùgbọ́n ìjókòó tí wọ́n fẹ̀ nítorí wọn kò dín kù lẹ́yìn tí wọ́n kúrò lórí rẹ̀. Ní 1965 ni Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀kọ́ gíga tó fi owó ìjọba àpapọ̀ ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ní 1972 ni wọ́n sì dá ẹ̀bùn owó sílẹ̀ fún ọmọ aláìní. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tún tàn káàkiri ìlú wọn ní àsìkò kan náà. Nígbà tí ọmọ tí wọ́n bí ní 1956 fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ilé ti wà, àga ti wà, owó díẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ dè é.

Ti Kòríà ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúwo, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Láti 1910 títí di 1945 ni Japan fi ṣàkóso ilẹ̀ náà, yunifásítì kan ṣoṣo tí wọ́n sì dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1924, àwọn ọmọ Japan ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé, ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ará ìlú kò mọ̀wé-kọ-mọ̀wé-kà. Kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1950, ó sì jà títí di 1953, ó wó ilé-ìwé, ó tú àwọn olùkọ́ ká. Lẹ́yìn ogun, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba wọn kọ́kọ́ gbájú mọ́, kí gbogbo ọmọ kàwé dé ìpele yẹn ná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n wá gun orí ilé-ìwé girama. Yunifásítì ni wọ́n fi sẹ́yìn, ìjọba ló sì ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ní July 1980 ni wọ́n kéde àtúntò ńlá kan tó gbòòrò iye yẹn, láti 1981 sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé.

Ẹ wá fi ọdún yẹn wé òpó ọdún ìbí. Ọmọ Kòríà tí wọ́n bí ní 1956 ti pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ní 1981, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, bóyá ó tilẹ̀ ti ń tọ́ ọmọ. Ẹni tí wọ́n bí ní 1963, ẹnu ọ̀nà ló wà gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí i. Èyí ni pé nínú ẹgbẹ́ ọdún 55 sí 64 yìí pàápàá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò gba ibi kan náà kọjá. Ìwé náà kò sọ èyí tààrà, èmi ni mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí rẹ̀, ó sì yẹ kí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ti kọ ọ́ síbẹ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n wa tó gbé fóònù sókè, ibi yìí ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò Hyundai bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Samsung sì dá ẹ̀ka ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1969. Ní ọdún wọ̀nyẹn, àwọn tó ń lọ sí yunifásítì ní Kòríà kò tó nǹkan. Ìran tí kò kọjá girama, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ parí rẹ̀, ló dúró nídìí ẹ̀rọ nígbà náà, wọ́n sì fi owó iṣẹ́ náà rán àwọn ọmọ wọn lọ sí yunifásítì. Mi ò sọ pé yunifásítì kò ṣe pàtàkì fún wọn; ọ̀pọ̀ ẹnjiníà tó darí wọn kàwé jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a sọ pé gbogbo àgbà Kòríà ló kàwé gboyè kí ìlú wọn tó lè dìde, ìwé yìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ojú-ìwé kẹrin ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ní Kòríà, láàárín àwọn àgbà, obìnrin tó ní ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ gíga kéré sí ọkùnrin lọ́nà tó hàn gbangba. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìyá kò rẹ̀yìn sí àwọn bàbá. Bí mo bá tún fẹ́ ra iṣẹ́ yìí, ojú-ìwé yìí ni n ó ní kí wọ́n fi ṣe èkejì, nítorí pé nígbà tí mo kà á nípàdé, àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹni tí kò rántí ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì rẹ̀ tó mọ̀wé ju gbogbo wa lọ, tí wọ́n sì mú un kúrò nílé-ìwé kí àwọn arákùnrin rẹ̀ lè tẹ̀ síwájú.

Mo wá béèrè pé Nàìjíríà ńkọ́. Níbí ni mo ti mọ̀ pé ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yìí ṣeé fọkàn tán. Ó ṣàlàyé pé Nàìjíríà kò sí nínú àjọ OECD, nítorí náà ìlà wa kò sí nínú tábìlì yẹn. Ó fi ojú ewé kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ iye kan sí fún àwọn àgbà Nàìjíríà, ó ní, "Ẹ wò ó sà, wọn kò sọ ibi tí wọ́n ti rí i, wọn kò sọ ọdún, mi ò lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi wà lórí rẹ̀." Ẹlòmíràn ì bá tẹ̀ ẹ́ jáde kí oníbàárà lè lọ pẹ̀lú ìdùnnú. Dípò rẹ̀, ó to àwọn ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ wa dé sí ojú-ìwé karùn-ún, kí àwa fúnra wa lè ṣe ìfiwéra tó bá ṣeé ṣe.

Ojú-ìwé karùn-ún yẹn ni mo ṣì ń kà títí di òní. Yaba ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga sílẹ̀ fún wa, láàárín 1932 sí 1934. Ní 1948, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì ní Ìbàdàn fún gbogbo Nàìjíríà. Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ìkòròdú sì jẹ nínú rẹ̀ nítorí pé abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni a wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ìdí nìyẹn tí ọmọ àgbẹ̀ bíi tèmi fi mọ ojú ìwé. Ṣùgbọ́n títí di 1977, yunifásítì mẹ́tàlá péré ló wà fún orílẹ̀-èdè tó tóbi tó báyìí. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó kò dé àfi ní 1983. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1977, tó padà di ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, òun ló di yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ níbí ní Ìkòròdú ní 2022. Mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ní 1975. Ọmọ-ọmọ mi lè fi kẹ̀kẹ́ Maruwa lọ sí yunifásítì kí ó sì padà wá jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ tèmi, ọ̀nà yẹn kò sí.

Ìbéèrè kejì tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù bi mí, pé kí ni mo kà sí ẹ̀kọ́ gíga, òun ló gba ojú-ìwé kẹfà, ibẹ̀ sì ni ìpàdé wa ti pẹ́ jù. Àjọ UNESCO ló ṣe ìwọ̀n tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń pín ẹ̀kọ́ sí ìpele, èyí tí wọ́n ń lò báyìí sì jẹ́ ti 2011. Ìpele mẹ́sàn-án ni, láti òdo títí dé ìkẹjọ. Ẹ̀kọ́ gíga bẹ̀rẹ̀ láti ìpele karùn-ún, ìyẹn ẹ̀kọ́ kúkúrú lẹ́yìn girama. Ìkẹfà ni dìgírì àkọ́kọ́, ìkeje ni dìgírì kejì, ìkẹjọ ni ti ọ̀mọ̀wé. Nítorí náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ní Amẹ́ríkà wà nínú iye tí a rí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tàbí mẹ́ta ní Kòríà náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé yunifásítì nìkan ni wọ́n ń kà ti ṣi ìwé náà kà.

Bí mo ṣe ka àpèjúwe yẹn, NCE àti OND tiwa náà yóò dúró sí ìpele karùn-ún, ṣùgbọ́n Gíréèdì Tuù kò ní dé ibẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ girama ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣàpẹẹrẹ. Mo gba Gíréèdì Tuù ní 1976, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì. Mo kọ́ ọmọ títí, mo sì ń fi ìsinmi gígùn kàwé títí mo fi gba NCE ní 1988. Nínú ìṣirò yìí, mo di ẹni tó ní ẹ̀kọ́ gíga lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1988. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ bẹ̀rẹ̀, tó kọ́ni ní ìṣirò ju bí mo ṣe kọ́ni lọ, tí àìsàn bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó lè san owó ẹ̀kọ́ ìsinmi, kò sí nínú rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìntì. Ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí ni wọ́n ń kà, kò sì sí ẹ̀tàn níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀.

Kí a má sì ti ara òdìkejì ṣubú, kí a wá sọ pé iye náà kò já mọ́ nǹkan kan. Àjọ OECD yìí kan náà ṣe ìdánwò ìwé kíkà fún àwọn àgbà ní 2011 sí 2012, àwọn ọ̀dọ́ Kòríà sì wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù, nígbà tí àwọn tó súnmọ́ ọgọ́ta ọdún wà lẹ́yìn pátápátá. Ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ènìyàn nígbà èwe máa ń hàn lára bó ṣe ń ka ìwé ìlànà oògùn nígbà ogbó. Èyí kò sí nínú ojú-ìwé mẹ́fà náà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ọmọ rẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ ló mú un wá. Mo ka àìsí rẹ̀ sí àléébù, nítorí pé ẹni tó bá san owó ìwádìí yẹ kí ó rí apá méjèèjì ọ̀rọ̀.

Àléébù mìíràn jẹ mọ́ ìtẹ̀wé. Pupa àti búlúù ni wọ́n fi kun àwọn ọ̀pá náà, wọ́n sì rẹwà lórí ìwé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n fọ́tókọ́pì dúdú ni mo ṣe fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àwọ̀ méjèèjì sì di ọ̀kan náà. Àwọn àgbà bí ọgbọ̀n mú ìwé lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni Amẹ́ríkà, èwo ni Kòríà, àfi ìgbà tí mo fi ẹnu sọ ọ́. Lẹ́tà inú tábìlì tún kéré jù fún ojú ẹni ọgọ́rin ọdún. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń tajà fún àgbà yẹ kí ó ti ro èyí kí ó tó tẹ̀wé, mo sì sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Owó rẹ̀ kò wọ́n. ₦3,500 ni wọ́n gbà fún ìwádìí àti ojú-ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́, fọ́tókọ́pì sì jẹ́ ₦100 lórí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Àga wà, fáànù wà, jẹnẹrétọ̀ wọn kò sì pariwo jù. Kí ẹ má lọ lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán lásìkò JAMB, nítorí pé èrò máa ń kún ibẹ̀ débi tí àgbà kò ní rí ibi dúró sí. Kí ẹ sì béèrè fún ọ̀gá fúnra rẹ̀, nítorí pé ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn yára lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ bí a ti ń béèrè ìbéèrè. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá sílẹ̀ fún un: ọjọ́ orí, ìpele ẹ̀kọ́ àti ọdún.

Fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, bí wọn kò bá tún un ṣe, n kì bá dá ẹnikẹ́ni lámọ̀ràn láti lọ síbẹ̀. Fún iṣẹ́ tí ọ̀gá ṣe, inú mi dùn sí i, mo sì ti padà lọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó gbé fóònù sókè gba ẹ̀dà tirẹ̀, ó kà á títí dé òpin, ó sì ní kí n bi wọ́n léèrè nípa àwọn tó ju ẹni ọdún 65 lọ, níbi tí òun fúnra òun wà. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní ẹgbẹ́ ọdún yẹn kò sí nínú tábìlì tí òun lò, pé àkójọ ètò ìkànìyàn orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni òun yóò wá a lọ, èyí yóò sì gba ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti san ìdajì owó. Mo sì ti sọ fún un pé ìlà gbọọrọ ni kí ó fi kun ọ̀pá Amẹ́ríkà, kí ó fi àmì tóótòòtó kun ti Kòríà, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi.